Kí Gíga Lé Ìwọ̀n Bá

Ní Ìbàdàn, ọmọ kékeré tó bá sanra kì í gba inú ọjà kọjá kí wọ́n má kí ìyá rẹ̀. Ní Ọjà Bódìjà, ẹ ó gbọ́ "Ẹ kú ìtọ́jú o!" kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ran. Ìyá aláta á dá ìṣirò owó dúró, á fa ọmọ náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, á ní, "Ìyá ọmọ, ẹ ṣeun, ọmọ yìí ń jẹun dáadáa." Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, àdúrà ni. Ọmọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń fi ojú àánú wò, tí wọ́n á rọra bi ìyá rẹ̀ pé ṣé ara ọmọ yìí le ṣá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ tí wọ́n yìn yẹn pé ọdún mẹ́wàá, mọ́kànlá, kó wọ yúnífọ́ọ̀mù, kó gun bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Orúkọ rẹ̀ ti di Òròbó nìyẹn. Ohun tí wọ́n fi yin ìyá nígbà tí ọmọ wà ní ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń fi bú ọmọ fúnra rẹ̀ ní ọdún mọ́kànlá.

Tọkọtaya ni àwa tí à ń kọ èyí. Bódìjà là ń gbé. Computer Science ni a jọ kà ní UI, nígbà tí a ṣì wà ní Àgbowó, tí gbogbo ohun tó wà nínú yàrá ò ju bẹ́ẹ̀dì kan àti sítóòfù kan lọ. Lónìí, software là ń kọ jẹun: ọ̀kan nínú wa ń ṣiṣẹ́ láti ilé, ìkejì ń lọ sí ọ́fíìsì ní Ring Road. Ọmọbìnrin wa ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. A ò ní dárúkọ rẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló ní ká má dárúkọ òun. Ó ti ka ohun tí ẹ ń kà yìí kó tó jáde. Ó ní ká yọ gbólóhùn méjì kúrò, a sì yọ wọ́n.

Ọrùn rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dúdú ju ojú rẹ̀ lọ, ó nípọn díẹ̀, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó dà bí aṣọ àrán. Abẹ́ apá rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Màmá, ìyá àgbà tó ń bá wa gbé, gbà pé ìdọ̀tí ni. Kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú ló fi ń bá a jà ní gbogbo Sátidé. Ọmọ á máa sunkún, Màmá á ní, "Dúró jẹ́ẹ́, ọmọge kì í ní ọrùn báyìí." Dókítà tí a gbé e lọ bá ò lò tó ìṣẹ́jú kan lórí ọrùn náà. Ó ní kì í ṣe ìdọ̀tí, kànìnkànìn ò sì lè bó o.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí, bó ṣe yé wa. Tí a bá jẹun, ṣúgà á wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì ló máa ń kan ilẹ̀kùn kí ara lè ṣí, kó gba ṣúgà náà wọlé. Tí ọ̀rá bá pọ̀ jù nínú ara, pàápàá nínú ikùn, ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra láti ṣí. Ara ò ní gbà, á tún kan, á tún kan, á máa tú ínsúlínì jáde sí i. Àwa tó mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí server kan ò bá dáhùn, tí èkejì wá ń pè é láìsinmi títí gbogbo nǹkan á fi gbóná, ó yé wa kíákíá. Ínsúlínì tó pọ̀ jù yìí ló ń mú kí awọ ọrùn àti abẹ́ apá nípọn, kó sì dúdú. Kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà o. Àmì ni pé ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ti ṣí sílẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ọrùn dúdú ló jẹ́ báyìí, ìdí mìíràn wà, torí náà ni dókítà fi ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, tó wọn ìfúnpá rẹ̀, tó tún bi wá bóyá ó máa ń hanrun tó bá sùn. Èsì dé. Ìtọ̀ ṣúgà ò tíì sí. A mí kanlẹ̀, àyà wa sì ṣì ń já.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, èyí tó yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ wa. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.48, ìwọ̀n rẹ̀ kílò 54. Ẹ pín 54 sí 1.48, kí ẹ tún pín èyí tó jáde sí 1.48. Ó di 24.7. Òun ni wọ́n ń pè ní BMI. Tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà méjèèjì sínú irú ẹ̀rọ ìṣirò BMI tó wọ́pọ̀ lórí fóònù, á sọ fún yín pé "Normal," á sì kùn ún ní àwọ̀ ewé. Tábìlì àgbàlagbà ló ń lò: 18.5 sí 24.9, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í ṣe àgbàlagbà kékeré. Tábìlì tiwọn ní ìlà fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ti àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 jáde ní ọdún 2007. Lórí tábìlì yẹn, ọmọbìnrin ọdún 11 tó wà láàárín gbùngbùn ní 17.2. Tó bá kọjá 19.9, ó ti sanra ju bó ṣe yẹ. Tó bá kọjá 23.7, ó ti wọ ibi tí wọ́n ti ń kà á sí àìsàn. 24.7 tí fóònù kùn ní àwọ̀ ewé yẹn, inú pupa ló wà! Kódù inú fóònù náà ò ní bug kankan, ìṣirò rẹ̀ pé. Ìbéèrè tí wọn ò bi ẹni tó ń lò ó ni wàhálà: ọmọ ọdún mélòó ni?

Ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan ìṣirò yìí, Adolphe Quetelet, ará Belgium, kì í tilẹ̀ ṣe dókítà. Onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ ni, ó sì ń wá bí ara ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣe rí lápapọ̀, kì í ṣe bí ara ọmọ kan ní Bódìjà ṣe rí. Ọdún 1832 ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ó di 1972 kí Ancel Keys tó sọ ọ́ ní BMI. Nọ́ńbà náà ò mọ iṣan yàtọ̀ sí ọ̀rá. Dókítà wa náà ò fi dájọ́; ọrùn, èsì ẹ̀jẹ̀, àti ìtàn pé àbúrò Màmá kú sí ọwọ́ ìtọ̀ ṣúgà ló jọ wò papọ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ gbólóhùn tí a ò retí. Ó ní òun ò fẹ́ kó rù.

A wo ara wa. Ó ní ọmọ ṣì ń ga. Kí ìwọ̀n rẹ̀ ṣáà dúró síbi tó wà, tàbí kó má fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí gíga lé e bá. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: tó bá dúró ní kílò 54, tó wá ga dé 1.55, BMI rẹ̀ á di 22.5, láìjẹ́ pé ó sọ gíráàmù kan nù. Àgbàlagbà ò ní àǹfààní yìí, gíga tiwa ti parí, ikùn nìkan ló kù tó ń dàgbà. Ọmọdé ní in, ṣùgbọ́n ó ní ìgbà tó máa parí. Lẹ́yìn tí ọmọbìnrin bá bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, nǹkan bí ọdún méjì ló sábà máa ń kù fún un láti ga, kò sì ní ga púpọ̀ mọ́ nínú ọdún méjì náà. Ìdí nìyí tí kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ "ẹ fi sílẹ̀, tó bá dàgbà á fọn." Ìdí náà sì nìyí tí a kì í fi ebi pa á. Egungun ń gùn, ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀, ọpọlọ ń ṣiṣẹ́; ọmọ tí a bá gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, gíga tí à ń wá gan-an la fẹ́ bà jẹ́ yẹn.

Nígbà tí a délé, Màmá ò gbà. "Ọmọ tó ń jẹun, ẹ ní ó ń ṣàìsàn?" Ó jókòó sí ilé ìdáná, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

A ò lè bínú sí i. Ìran Màmá rí ọmọ tó rù. Kwashiorkor, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń lò fún ọmọ tí àìjẹunre-kánú mú, èdè Gã ni, láti Ghana níbí. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast nígbà náà, ló gbé orúkọ náà wọ inú ìwé ìṣègùn ní 1935: àìsàn tó ń mú ọmọ tí wọ́n gbà lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò rẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, àwòrán àwọn ọmọ Biafra tí ikùn wọn wú, tí irun wọn pọ́n, yí gbogbo ayé ká. Lójú ẹni tó dàgbà nígbà yẹn, ọ̀rá lára ọmọ, owó tó wà ní báńkì ni. Tí ibà bá dé, tí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, ọmọ tó sanra ní ohun tó lè sọ nù kó ṣì wà láàyè. Ìmọ̀ ni, kì í ṣe àìmọ̀kan. Ó ṣì wúlò títí dòní, ní ìlú yìí kan náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, UNICEF kéde pé fún ìgbà àkọ́kọ́, láàárín àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 ní gbogbo ayé, àwọn tó sanra dé ìwọ̀n àìsàn ti ju àwọn tó rù lọ: 9.4 nínú ọgọ́rùn-ún sí 9.2. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ apá méjì ayé sílẹ̀ tí kò tíì rí bẹ́ẹ̀: gúúsù Éṣíà, àti tiwa níbí, Áfíríkà tó wà ní ìsàlẹ̀ Sàhárà. Lọ́dọ̀ wa, àìjẹunkánú ò tíì lọ, ìsanrajù ti dé bá a. Ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá ní Challenge àti ọmọ tó ń mu mínírà nínú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àárín wọn ò ju gíláàsì kan lọ.

Ẹni tó yí Màmá lọ́kàn padà ni obìnrin onímọ̀ oúnjẹ tí dókítà ní ká lọ rí. A mú Màmá dání lọ, torí òun ló ń dáná jù nílé. A rò pé obìnrin náà máa gbé ìwé kan jáde, irú èyí tó máa ń ní broccoli nínú. Kò gbé ìwé kankan. Màmá ló kọjú sí. "Màmá, nígbà tí ẹ wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, kí lẹ̀ ń jẹ?" Màmá rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Àmàlà àti ewédú, gbẹ̀gìrì tí ẹ̀wà bá wà. Iṣu sísun pẹ̀lú epo díẹ̀. Ẹja. Àgbàdo àti àgbálùmọ̀ tí àsìkò wọn bá dé. Ṣúgà ńkọ́? "Ṣúgà kẹ̀, ta ní ń rí ṣúgà?" Mínírà ńkọ́? Ọjọ́ Kérésìmesì ni, ìgò kan, ọmọ mẹ́ta á pín in. Báwo lẹ ṣe ń lọ sí ilé-ìwé? Ẹsẹ̀ ni. Obìnrin náà ní, "Màmá, oògùn tí mo fẹ́ kọ fún ọmọ-ọmọ yín, ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán yẹn."

Láti ọjọ́ náà, Màmá ti di ọ̀gá iṣẹ́ náà. Ẹ ò gbọdọ̀ bá a jiyàn lórí oúnjẹ mọ́.

Ètò tí wọ́n fún wa dá lórí àwọ̀ iná ojú títì. Ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Leonard Epstein, ló gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Àwọ̀ ewé: jẹ ẹ́ bó ṣe wù ọ́. Àwọ̀ yẹ́lò: jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n wo bó ṣe pọ̀ tó. Pupa: ìwọ̀nba lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ọmọ wa ní iná ojú títì ní Ìbàdàn? Ta ló ń tẹ̀ lé e? Òótọ́ ló sọ, ẹni tó bá dúró síbi iná pupa ní Challenge, àwọn ọlọ́kadà á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló pín oúnjẹ ilé wa sí àwọ̀. Ewédú, ilá, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, kúkúmbà, ọsàn, ewé. Àmàlà, ìrẹsì, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja, adìẹ, bọ̀ọ̀lì, yẹ́lò. Mínírà, júùsì inú páálí, bískíìtì, pọ́fpọ́f, dòdò, shawarma, pupa. Ó gbé indomí sí yẹ́lò. Obìnrin náà gbé e lọ sí pupa. Wọ́n ja ìjà yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì, indomí sì wà ní pupa títí dòní, àmọ́ ó máa ń jẹ ẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì.

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé wọn ò fọwọ́ kan àmàlà. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fọn ní ìlú yìí, àmàlà ló kọ́kọ́ ń bá ṣọ̀tá. Bíńtín ni àmàlà dín: ìwọ̀n ìkúùkù ọmọ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìkúùkù bàbá rẹ̀, ewédú sì gbọ́dọ̀ pọ̀ ju òkèlè lọ. Ibi tí nǹkan ti yí padà gan-an ni epo. Ṣíbí ìjẹun kan tí epo tàbí òróró kún tó nǹkan bí kálórì 120, Màmá ò sì mọ ṣíbí rí nídìí ọbẹ̀, ìgò ló fi ń da á. Ní báyìí, ṣíbí wà nínú ìgbá epo. Ó máa ń kà á sókè bí ẹni ń ka owó: "Ọ̀kan. Èjì. Ó tó, àbí?" Òfin kan náà tún wà tó kú nílé wa, èyí tó ní kí ọmọ jẹ gbogbo oúnjẹ inú àwo tán kó tó dìde. Màmá ló mú un wá, òun náà ló pa á. Tí ọmọ bá yó, kó dìde, kí wọ́n gbé ìyókù sínú fíríìjì.

Kò sí àwo ọ̀tọ̀. Ìyẹn le jù. Ohun tí ọmọ ń jẹ ni gbogbo ilé ń jẹ, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀, tí tirẹ̀ sì pọ̀ díẹ̀ sí i. Epstein tẹ àbájáde ọdún mẹ́wàá jáde ní 1990, ó sì hàn níbẹ̀ pé àwọn ọmọ tí òbí wọn náà bá wọn yí padà ló ṣe dáadáa jù. Ọ̀kan nínú wa, a ò ní sọ ẹni tó jẹ́, ní ikùn tó máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Ẹni náà mu mínírà pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán fún ọdún mẹ́wàá. Ó dá a dúró ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ, ó sì bínú fún oṣù kan gbáko.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ ṣe ìṣirò mínírà yẹn. Èyí tó bá ní ṣúgà gíráàmù 10 nínú mìlílítà ọgọ́rùn-ún, ìgò rẹ̀ oní-50cl jẹ́ gíráàmù 50. Tí kúúbù ṣúgà kan bá jẹ́ gíráàmù 5, kúúbù mẹ́wàá nìyẹn. Kò sí ìyá tó máa da kúúbù mẹ́wàá sínú ife omi kan fún ọmọ rẹ̀ kó má pariwo. WHO ní kí ṣúgà tí a fi kún nǹkan má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ lójúmọ́. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2000, gíráàmù 50 náà nìyẹn, ìgò kan ṣoṣo, tán. Ìjọba rí i. Òfin Ìnáwó ọdún 2021 fi náírà mẹ́wàá sórí lítà kan ohun mímu oníṣúgà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní 2022. Lítà kan, náírà mẹ́wàá. Lórí ìgò 50cl, náírà márùn-ún. Kí ni náírà márùn-ún ń rà ní Dùgbẹ̀? Owó orí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé òun ń san, kò lè yí ọwọ́ ẹnikẹ́ni padà.

Owó ni ibi tí ètò yìí ti fẹ́ dojú dé. A ń sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí owó oṣù ń wọlé fún, síbẹ̀ ó tẹ̀ wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, iye tí owó oúnjẹ fi lé sí i láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà kọjá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí nǹkan bá wọ́n báyìí, ẹja àti ẹyin làwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ yọ nínú ìkòkò. Ìyẹ̀fun, òróró àti ṣúgà ló ń kù, torí àwọn ló ń tètè yóni ní owó kékeré. Torí náà, tí ẹ bá rí ọmọ tó sanra, ẹ má sáré rò pé olówó ni bàbá rẹ̀. Ohun tó gbà wá ni ẹ̀wà, àti lílọ sí Bódìjà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ fẹ́ káńgárá, tí wọ́n á fi èyí tó kù sílẹ̀ ní ẹ̀dínwó.

Ilé-ìwé ò rọrùn rárá. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ nínú kíláàsì tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan tó wúwo. Kíláàsì á rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á wá délé, á ní ebi ò pa òun. Ìyẹn ló dẹ́rù bà wá ju ọrùn dúdú lọ. A lọ rí olùkọ́ náà. Ó ní àwàdà ni. A ní kó wá àwàdà mìíràn. Ọmọ tí ojú ń tì, ìkọ̀kọ̀ ló ti ń jẹun, oúnjẹ ìkọ̀kọ̀ kì í sì í ní ìwọ̀n. Torí náà, nílé wa, a ò kì í pe ara rẹ̀ ní orúkọ kankan, kódà tí ó bá dára, a kì í sọ pé "o ti ń fọn o." Ìwọ̀n kílò wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la ń gbé e jáde.

Àǹtí kan wá kí wa, ó mú tíì afúnnilára-fẹ́lẹ́ wá nínú nylon dúdú, èyí tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. A dúpẹ́, a sì tọ́jú ẹ̀ sí ibi tí ọmọ ò ti lè rí i, torí irú tíì bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ ló sábà máa ń mú wá, omi ara ló ń gbé lọ, ọ̀rá ṣì jókòó síbẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kì í yá. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé kó tó hàn, ìdílé nílò, ó kéré tán, wákàtí 26 pẹ̀lú àwọn onímọ̀, láàárín oṣù mẹ́ta sí ọdún kan. Wọ́n tún fọwọ́ sí oògùn fún àwọn tó ti pé ọdún 12. Àwa tó ṣe pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún là ń rí dókítà lẹ́yìn tí a bá ti tò láti aago méje, níbo la ti fẹ́ rí wákàtí 26? Ilé ìdáná ni. Màmá nìkan ti ṣe ju igba wákàtí lọ.

Ó pé ọdún méjìlá ní oṣù méjì sẹ́yìn. Gíga rẹ̀ 1.55, ìwọ̀n rẹ̀ kílò 55. Kílò kan péré ló fi kún un láàárín ọdún kan. BMI rẹ̀ di 22.9. Fún ọmọbìnrin ọdún 12, ìlà pupa wà ní 25.0, ìlà yẹ́lò ní 20.8. Ó ti jáde nínú pupa, ó ṣì wà nínú yẹ́lò. Ọrùn rẹ̀ ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní kí a má kánjú lórí ìyẹn.

Nǹkan tó wà nílẹ̀ báyìí ni ilé-ìwé gírámà. Ó gba àyè sí ilé-ìwé kan tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà, ó sì fẹ́ lọ. Wọ́n ti fún wa ní ìwé ohun tí ọmọ máa kó dání: mílíìkì, Milo, ṣúgà páálí méjì, kọ́nfíléèkì, bískíìtì, gààrí. A bi wọ́n pé ta ló ń rí sí oúnjẹ ibẹ̀, wọ́n ní ká má ṣèyọnu, àwọn ọmọ ń yó. Gíga tó kù, nínú ọgbà yẹn ló máa ga án. Ọ̀kan nínú wa ní kó má lọ, kó wà nílé fún ọdún méjì sí i, kí gíga parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìkejì ní ọmọ náà ò lè máa gbé inú ilé ìdáná títí ayé.

A bi òun fúnra rẹ̀ pé kí ló dé tó fi fẹ́ lọ gan-an. Ó ní kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó mọ orúkọ tí wọ́n ń pe òun níbí.

Títí ìparí oṣù yìí ni wọ́n ń gba owó. Màmá ti ra àpótí.